Aṣeékà àti aláìṣeékà nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì: ìbéèrè tí ọmọ Yorùbá máa ń béèrè, àti ìdáhùn wọn

Kí ni ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà, kí sì ni aláìṣeékà?

Ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà ni èyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a fi nọ́ńbà síwájú rẹ̀ láìwá ọ̀rọ̀ mìíràn tì í, tí ó sì ní ìrísí méjì, ọ̀kan fún ẹyọ, èkejì fún ọ̀pọ̀. "Goat" ni ewúrẹ́ kan, "goats" ni ewúrẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ, a sì lè sọ pé "a goat" tàbí "seven goats". Kì í ṣe ohun tí ojú ń rí nìkan ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí. "Idea", tí í ṣe èrò, àti "mistake", tí í ṣe àṣìṣe, ṣeé kà gẹ́gẹ́ bí ewúrẹ́ ti ṣeé kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n rí.

Aláìṣeékà ni èyí tí kò gba "a" tàbí "an" níwájú, tí kò gba nọ́ńbà, tí kò sì gba "s" tó ń sọ ẹyọ di ọ̀pọ̀. Irú wọn ni "water", "sand", "electricity" àti "patience". Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi àlàyé mọ síbi pé ohun tí a lè kà ni aṣeékà, ohun tí a kò lè kà ni aláìṣeékà. Lójú tèmi, àlàyé yẹn gan-an ló ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni a ń pín sí méjì, kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Bí àga mẹ́fà bá wà nínú pálọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin lè kà wọ́n. Síbẹ̀ "chair" ṣeé kà, "furniture" kò ṣeé kà, bẹ́ẹ̀ àga kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá di èyí mú dáadáa kò ní máa bá Gẹ̀ẹ́sì jà lórí ohun tí yóò tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ yìí.

Owó ni ohun tí a ń kà jù lọ láyé. Báwo ni "money" ṣe wá di aláìṣeékà?

Ẹ wo obìnrin aláṣọ kan ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn bó ti ń ka owó nírọ̀lẹ́. Ohun tó ń kà kì í ṣe "money" lójú gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Naira ló ń kà, tàbí bébà owó. "Money" dúró fún owó lápapọ̀, gẹ́gẹ́ bí "water" ti dúró fún omi láìsọ pé garawa mélòó ni. Nítorí náà ni a kò ṣe lè sọ pé "three moneys", ṣùgbọ́n "three coins", "three notes" àti "three dollars" tọ̀nà. Àwọn agbẹjọ́rò àti oníṣirò owó máa ń kọ "moneys" tàbí "monies" nínú ìwé wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa owó tó wá láti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wọn.

"Naira" fúnra rẹ̀ ṣeé kà, àmọ́ kì í gba "s": "one naira", "five hundred naira". Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé iye owó pẹ̀lú. "Five thousand naira is too much" ni a ń kọ, kì í ṣe "are", nítorí pé iye kan ṣoṣo ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà jẹ́ lọ́kàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀nà jíjìn àti àkókò: "Ten kilometres is a long walk", "Two weeks is enough".

Ṣé irú ìpín yìí wà nínú èdè Yorùbá?

Ó wà. Inú ẹ̀kọ́ gírámà Yorùbá ti ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ni a ti mú orúkọ méjèèjì tí a ń lò níbí, aṣeékà àti aláìṣeékà. Ìyàtọ̀ wà nínú bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń fi í hàn. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í pa ara dà: "ìwé" ni bó bá jẹ́ ẹyọ, "ìwé" náà ni bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún. "Àwọn" tàbí nọ́ńbà ni yóò sọ fún wa pé ó ju ọ̀kan lọ, nígbà mìíràn sì rèé, ohun tí a ń bá bọ̀ látẹ̀yìn ni yóò jẹ́ kó yé wa. Bí mo bá ní "mo ra ìwé lánàá", ẹ kò mọ̀ bóyá ọ̀kan ni tàbí mẹ́wàá, gbólóhùn mi sì pé pérépéré bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn: "I bought a book" ni tàbí "I bought books", dandan ni kí a yan ọ̀kan kí a tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ aláìṣeékà nìkan ló ń tú wa sílẹ̀ lọ́wọ́ yíyàn náà, nítorí náà ló ṣe yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

Ọjà ni òye yìí ti hàn jù lọ lẹ́nu wa. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu á béèrè pé, "Iṣu mélòó lẹ fẹ́ kó fún mi?" Ẹni tó fẹ́ ra gàrí kò ní sọ pé, "Ẹ fún mi ní gàrí mẹ́ta." Kóńgò mẹ́ta ni yóò wí. Bí ó bá jẹ́ epo pupa, á ní ìgò méjì tàbí kẹ́ẹ̀gì kan. Kóńgò, ìgò àti kẹ́ẹ̀gì yìí náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá nígbà tó bá ní "a bag of", "a cup of", "a bottle of". Bí ọmọdé bá sì dé ìsọ̀ tó ní "iyọ̀ méjì", ìyá oníyọ̀ mọ̀ pé ọ̀rá kéékèèké méjì ló ń béèrè lọ́wọ́ òun. A ó tún pàdé irú ìgékúrú yẹn nínú Gẹ̀ẹ́sì láìpẹ́.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí Yorùbá ń kà tààrà ni Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a kà. Ìmọ̀ràn méjì, ìròyìn mẹ́ta, búrẹ́dì mẹ́rin, ọṣẹ márùn-ún: kò sí ọ̀kan tó kù díẹ̀ káàtó nínú wọn ní Yorùbá. Bí a bá gbé wọn bẹ́ẹ̀ sọdá, a ó rí "two advices", "four breads" àti "five soaps", àwọn tí olùkọ́ máa ń fi bírò pupa yípo.

Kí ló dé tí "beans" fi ṣeé kà tí "rice" kò ṣeé kà, nígbà tí méjèèjì jẹ́ hóró?

Ìdí kan tó bá ọgbọ́n mu délẹ̀ kò sí, mo sì rò pé ó sàn kí olùkọ́ gbà bẹ́ẹ̀ ju kó máa wá àwáwí nínú bí hóró ṣe tóbi sí lọ. "Bean" ni hóró ẹ̀wà kan, "beans" ni ọ̀pọ̀, nítorí náà "The beans are done" ni ẹni tó ń se ẹ̀wà yẹ kó sọ. Ohun tí a máa ń gbọ́ nílé wa ni "The beans is done", nítorí pé lọ́kàn wa, ẹ̀wà inú ìkòkò jẹ́ ohun kan ṣoṣo. "Rice" ní tirẹ̀ kì í gba "s". "The rice is done" ni, bí a bá sì fẹ́ mú hóró kan ṣoṣo, "a grain of rice" ni. Ìṣòro kan náà wà láàárín "wheat", tí kò ṣeé kà, àti "oats", tí ó ń jẹ́ ọ̀pọ̀ nígbà gbogbo. "Noodles" jẹ́ ọ̀pọ̀, "spaghetti" jẹ́ aláìṣeékà, bẹ́ẹ̀ ní Ítálì níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ọ̀pọ̀ ni "spaghetti" jẹ́ lẹ́nu àwọn onílé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Látijọ́, "pease" ni wọ́n ń pe irúgbìn tí a mọ̀ sí "pea" lónìí, "s" tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ara ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn rò pé "s" ọ̀pọ̀ ni, wọ́n gé e kúrò, nígbà tó sì fi máa di ọ̀rúndún 17, "pea" ti di ẹyọ, "peas" ti di ọ̀pọ̀. Àṣìṣe etí ló sọ aláìṣeékà di aṣeékà. Ẹni tó bá ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀sín nítorí "s" kan ṣoṣo, kó rántí èyí.

Àgbàdo náà yẹ ní mímẹ́nu kàn. A ń ra àgbàdo mẹ́rin lẹ́bàá ọ̀nà, ṣùgbọ́n "corn" àti "maize" kò ṣeé kà nígbà tí wọ́n bá jẹ́ oúnjẹ. "Four cobs of maize" tàbí "four ears of corn" ni. "Four corns" wà nínú Gẹ̀ẹ́sì o, àmọ́ ohun líle tó ń yọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ bàtà tó fún ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò fẹ́ kí a sun ún fún òun.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo gan-an ló máa ń gbé wa ṣubú?

Bí a bá kó wọn jọ, a ó rí i pé agbo ńlá méjì ni wọ́n. Agbo àkọ́kọ́ ni àwọn orúkọ àpapọ̀, àwọn tó ń kó oríṣiríṣi nǹkan sábẹ́ agboòrùn kan: "furniture" fún àga, tábìlì àti ibùsùn, "luggage" àti "baggage" fún ẹrù arìnrìn-àjò, "equipment" fún ohun èlò iṣẹ́, "machinery" fún ẹ̀rọ, "jewellery" fún ohun ọ̀ṣọ́ ara, "cutlery" fún ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ, "stationery" fún bébà àti bírò, "clothing" àti "underwear" fún aṣọ. Kò sí èyí tó ń gba "s" nínú wọn. Ohun tó ń tàn wá jẹ ni pé ohun tó wà lábẹ́ agboòrùn náà ṣeé kà, nítorí náà "chair", "suitcase", "tool", "machine", "ring", "spoon" àti "pen" ń gba "s" láìjanpata.

Agbo kejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìmọ̀ àti ohùn ẹnu: "information", "advice", "knowledge", "evidence", "research", "homework", "slang". A kì í sọ pé "an advice" tàbí "an information". Nípa "advice", ẹ rántí pé "c" ni a fi ń kọ ọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "s" ni a fi ń kọ "advise" tí í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Àṣìṣe méjì ló ń bẹ nínú "he gave me an advise". "Vocabulary" yàtọ̀ díẹ̀. Ó ṣeé kà, àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn mọ̀ tàbí gbogbo ọ̀rọ̀ inú èdè kan ló dúró fún, kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ní òun kọ́ "ten new vocabularies" lónìí ń sọ pé òun kọ́ àkójọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lódindi; "ten new words" ló ní lọ́kàn.

Àwọn ará wa ní Kétu, Sákétẹ́ àti Pọ̀bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, àti àwọn tó wà ní Togo, tí Faransé jẹ́ èdè ilé ẹ̀kọ́ wọn, ń ru ẹrù méjì nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní èdè Faransé, "informations", "conseils" àti "meubles" jẹ́ ọ̀pọ̀ tó tọ̀nà délẹ̀, a sì ń sọ pé "un conseil" fún ìmọ̀ràn kan. Yorùbá ń fà wọ́n síbẹ̀, Faransé náà ń fà wọ́n síbẹ̀, kí wọ́n tó wá dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò ní rárá.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń rí lára ògiri ọ́fíìsì ju gbogbo wọn lọ ni "staffs", irú èyí tó wà nínú "All staffs are invited". "Staff" ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan lápapọ̀. Bí a bá fẹ́ mú ẹnì kan nínú wọn, "a member of staff" ni, kì í ṣe "a staff", nítorí pé "a staff" lè túmọ̀ sí ọ̀pá tí àgbàlagbà fi ń tilẹ̀. "Staffs" lè tọ̀nà bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à ń sọ̀rọ̀ bá, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ lára ògiri.

Bí mo bá wá fẹ́ ka aláìṣeékà ńkọ́?

Ẹ wá kóńgò fún un. "Piece" ni kóńgò tó bá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn mu: "a piece of advice", "two pieces of furniture", "three pieces of luggage". Àwọn mìíràn ní tiwọn: "a loaf of bread", "a bar of soap", "a sheet of paper", "a tube of toothpaste", "a cube of sugar", "a drop of water". Kódà mànàmáná àti àrá ní tiwọn, "a flash of lightning" àti "a clap of thunder". Ara ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni "s" ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara ohun tí a wọ̀n: "three loaves of bread", kì í ṣe "three loaf of breads".

Ọ̀nà kejì, tí mo fẹ́ràn jù, ni kí a yan ọ̀rọ̀ mìíràn tó ṣeé kà. Dípò "a work", ẹ lo "a job". Dípò "a travel", ẹ lo "a journey" tàbí "a trip". Dípò "homeworks", ẹ lo "assignments". Dípò "an advice", "a suggestion" lè ṣiṣẹ́ ibẹ̀ nígbà mìíràn. "A piece of" kì í dùn gbọ́ bó bá pọ̀ jù nínú ìwé kan.

Báwo ni a ṣe ń yan láàárín "much" àti "many", "little" àti "few"?

"Many" àti "few" wà fún aṣeékà, "much" àti "little" fún aláìṣeékà: "many books", "much water". Ìdí tó fi ń ṣòro fún wa ni pé "púpọ̀" àti "díẹ̀" Yorùbá kò yan ọ̀rẹ́. Ènìyàn púpọ̀, omi púpọ̀. Ènìyàn díẹ̀, omi díẹ̀. Ìgbà tí a bá ń béèrè iye nìkan ni tiwa ń yà, nítorí pé "mélòó" wà fún ohun tí a lè kà ní ẹyọ-ẹyọ, "èló" sì wà fún iye owó. "How many" bá "mélòó" mu dáadáa. "How much" bá "èló" mu nígbà tí a bá ń béèrè iye owó ọjà. Bó bá jẹ́ omi tàbí àkókò là ń béèrè, "báwo ló ṣe pọ̀ tó" ló súnmọ́ ọn jù.

Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ kì í sábà dé ni ìyàtọ̀ tí "a" kékeré ń mú wá. "I have a little money" túmọ̀ sí pé owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ẹ lè yá nínú rẹ̀. "I have little money" túmọ̀ sí pé owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni "a few friends" yàtọ̀ sí "few friends": ti àkọ́kọ́ ń sọ pé ọ̀rẹ́ wà, ti ìkejì ń sọ pé ọ̀rẹ́ wọ́n.

Ní ti "fewer" àti "less", òfin ilé ẹ̀kọ́ ni pé "fewer" wà fún aṣeékà, "less" fún aláìṣeékà. Òfin náà kò tó ọdún 300. Ọ̀gbẹ́ni Robert Baker, òǹkọ̀wé kan tó kọ ìwé lórí ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1770, bí ẹni tó ń sọ ohun tó dùn mọ́ òun létí ló sì ṣe sọ ọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di òfin. Kí ó tó dìde, ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti fi ń lo "less" fún méjèèjì, àwọn ilé ìtajà ńlá ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sì ń kọ "10 items or less" sára pátákó wọn títí di àkókò wa yìí. Nínú ìdánwò, ẹ kọ "fewer".

Ṣé ọ̀rọ̀ kan lè jẹ́ aṣeékà lónìí kó sì di aláìṣeékà lọ́la?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibí yìí sì ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà. "I bought a chicken" ni pé mo ra odindi adìyẹ, bóyá ó ṣì ń ké. "I ate chicken" ni pé ẹran adìyẹ ni mo jẹ. Yorùbá máa ń fi "ẹran" la àárín méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì ń fi "a" ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá kọ "I ate a chicken at the party" ti sọ fún gbogbo ayé pé òun nìkan jẹ odindi.

"Paper" ni bébà, "a paper" ni ìwé ìròyìn, ìwé ìdánwò tàbí àpilẹ̀kọ onímọ̀. "Iron" ni irin, "an iron" ni èyí tí a fi ń lọ aṣọ. "Room" láìsí "a" túmọ̀ sí àyè, irú èyí tí kọ́ńdọ́kítọ̀ dánfó máa ń sọ pé ó ṣì wà lẹ́yìn. "Experience" ni ìrírí tí ọdún pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń fún ènìyàn, "an experience" sì ni ohun kan tó ṣẹlẹ̀ síni. "Time" ni àkókò, "three times" ni ẹ̀ẹ̀mẹta. "Hair" ni irun orí lápapọ̀, "a hair" ni fọ́nrán kan tí a bá nínú ọbẹ̀. "Work" kò ṣeé kà bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe jẹun, àmọ́ ó ṣeé kà bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà tàbí ìwé. "Works" tó wà nínú orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọ̀nà jẹ́ ìlò mìíràn tó ti pẹ́, tó sì ní "s" tirẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀ka tirẹ̀. "Damage" ni ìbàjẹ́, kò sì ṣeé kà; "damages" ni owó tí adájọ́ ní kí ẹni tó ṣẹ̀ san fún ẹni tí a ṣẹ̀. "Information" pàápàá, olórí àwọn aláìṣeékà, ṣeé kà lẹ́nu agbẹjọ́rò, nítorí pé ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn tí a fi ń gbé ènìyàn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n ń pè ní "an information". Àwọn tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kí wọ́n má ṣe rò pé lọ́yà náà kò kàwé.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ méjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà wà níbí. "Coffee" kò ṣeé kà, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó nílé oúnjẹ lè ní "two coffees, please", ife méjì ló sì ní lọ́kàn. Bákan náà ni a lè pe oríṣi wáìnì mẹ́ta ní "three wines".

"News" ní "s" nígbẹ̀yìn. Ṣé ọ̀pọ̀ ni?

Rárá, aláìṣeékà ni. "The news is good" ni, bẹ́ẹ̀ sì ni "mathematics", "economics" àti "measles" tí í ṣe èéyi: gbogbo wọn ń gba "is". Ìdàkejì wọn ni "police", "people" àti "cattle", tí kò ní "s" ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gba "are". "The police are here" ni, ẹnì kan nínú wọn sì ni "a police officer". "Scissors", "trousers" àti "glasses" tí a fi ń wo ìwé jẹ́ ọ̀pọ̀ nígbà gbogbo nítorí pé apá méjì ni wọ́n ní. "A pair of trousers" ni ṣòkòtò kan. "My trouser" tí a ń sọ kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn onílé.

Báwo ni n ó ṣe mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun wà?

Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀-èdè tí a ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ó rí lẹ́tà "C" tàbí "U" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan, "C" fún aṣeékà, "U" fún aláìṣeékà. Ọ̀rọ̀ tó bá ní méjèèjì, ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ nìyẹn. Ẹni tí a bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò nílò àmì yìí, ìdí sì nìyẹn tí ìwé atúmọ̀-èdè tiwọn kì í fi í ní in. Japan ni ìwé tó sọ ọ́ di mímọ̀ ti jáde. A. S. Hornby, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ àwọn ọmọ Japan ní èdè rẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Tokyo ní 1942. Oxford tún un tẹ̀ ní 1948, òun náà ló sì di Oxford Advanced Learner's Dictionary tó wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ olùkọ́ nílẹ̀ wa. Èdè Japan náà kì í fi "s" tàbí ohun tó jọ ọ́ sára ọ̀rọ̀-orúkọ gẹ́gẹ́ bí Yorùbá kì í ti í ṣe, nítorí náà ìṣòro tó ń yọ wá lẹ́nu náà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ni pé kí wọ́n má kọ ọ̀rọ̀-orúkọ sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ẹni tó ń bá a rìn: "some advice", "a piece of furniture", "these beans". Etí yóò bá yín ṣe ìyókù.

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ "equipments" ní Nàìjíríà. Ṣé ó ṣì jẹ́ àṣìṣe?

Ìdáhùn mi pín sí méjì. Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wà, àwọn onímọ̀ èdè ń kọ nípa rẹ̀, "equipments" sì wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí nínú rẹ̀. Kò sí ìdí láti dá ọ̀rẹ́ ẹni lẹ́kun ọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìdánwò kò bá wa ṣọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, máàkì 10 nínú 50 wà fún ìkọsílẹ̀ tí kò ní àṣìṣe gírámà, sípẹ́lì àti àmì, "equipments" kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń kọ IELTS kó lè lọ sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Kánádà, àti ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, yẹ kó fi "s" yẹn sílẹ̀.

"Data", "software" àti "email" ńkọ́?

"Software", "hardware" àti "feedback" kò ṣeé kà, nítorí náà "softwares" kò tọ̀nà. "A program" tàbí "an app" ni ẹyọ wọn. "Mail" tí a ń fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ṣeé kà, ṣùgbọ́n "email" tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ti di aṣeékà, "I sent you two emails" sì tọ́ láìsí àríyànjiyàn. "Data" ni ó ṣe é ṣe báyìí ṣe é ṣe bọ́ọ̀hún. Láti inú èdè Látìn, ọ̀pọ̀ ni, "datum" sì ni ẹyọ rẹ̀, àwọn onísáyẹ́ǹsì kan kò sì jẹ́ kọ ohun mìíràn ju "the data are" lọ. Lẹ́nu àwọn yòókù, aláìṣeékà ni, "the data is". Èyí tí a ń rà sórí fóònù, tó máa ń tán kí oṣù tó parí, "is" nìkan ni tirẹ̀: "My data is finished".